Kí ẹ tó ra mátílà "mémoire", ẹ gbé e sórí ìwọ̀n

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́nu ọlọ́jà fóòmù ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lóde òní ni pé, "Mémoire ni o, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò." Ẹ ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ á rì wọlé jẹ́jẹ́, ara tó ti rẹ̀ látàárọ̀ á ní òun ti ríbi sùn. Ibẹ̀ ni owó ti ń jáde lápò. Ṣùgbọ́n rírọ̀ kọ́ ni ojúlówó. Kànrìnkàn ìwẹ̀ náà rọ̀. Mátílà tí yóò gbé ara yín fún ọdún méje tàbí mẹ́jọ, ohun méjì ló ń jẹ́rìí rẹ̀: bó ṣe wúwo sí, àti ohun tó ń ṣe nínú ooru yàrá yín. Méjèèjì yìí sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í yẹ̀ wò kí wọ́n tó sanwó.

Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an

Fóòmù lásán, irú èyí tí gbogbo wa ti sùn lé rí, bí rọ́bà ló ṣe ń ṣe: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ó ta padà lójú ẹsẹ̀. Fóòmù onírántí, èyí tí ọlọ́jà ń pè ní "mémoire", kì í kánjú bẹ́ẹ̀. Ooru ara ló ń mú un rọ̀. Ibi tí èjìká àti ìdí bá tẹ̀ ẹ́, á rì. Ibi tí ìbàdí ti ṣófo, á dìde wá gbé e. Tí ẹ bá dìde, àpá ara yín á ṣì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó parẹ́. Ọdún 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú fóòmù yìí ní ibùdó ìwádìí NASA ní Amẹ́ríkà, fún ìjókòó ọkọ̀ òfúrufú. Iléeṣẹ́ kan láti Sweden ló wá gbé e jáde ní mátílà lọ́dún 1991.

Ẹ jẹ́ kí Sweden yẹn wà lọ́kàn yín. Ilẹ̀ òtútù ni. Nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju dígírì 18 tàbí 20 lọ, fóòmù yìí máa ń le díẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀, ara á wá máa mú un rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí òjò àkọ́kọ́ tó dé, òru lè má sọ̀ kalẹ̀ ju 26 lọ. Fóòmù kan náà á ti rọ̀ kí ẹ tó gun orí rẹ̀. Ní Ṣábẹ, tí àwọn òkè olókùúta wọ̀nyẹn ti ń gba oòrùn látàárọ̀, ilé onípáànù lè gbóná títí di ọ̀gànjọ́. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé, mátílà yín ní Kétu tàbí Ṣábẹ á le lálẹ́, ẹ ó rò pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀, òtútù ni. Ẹ dùbúlẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á rántí yín.

Nítorí náà, ohun tí ìwé ìpolówó bá sọ nípa líle mátílà, ẹ máa yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Èyí tí wọ́n pè ní agbedeméjì lọ́hùn-ún á rọ̀ ju agbedeméjì lọ níbí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá pín sáàárín méjì, kó mú èyí tó le jù.

Kíki yàtọ̀ sí líle

Ògì tó ki dáadáa ṣì rọ̀ lẹ́nu. Kíki rẹ̀ ń sọ iye ògì tó wà nínú omi, kò sọ pé ó le. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fóòmù. Kíki ń sọ iye ohun tó wà nínú rẹ̀ àti iye afẹ́fẹ́. Òun ló ń pinnu bí mátílà ṣe máa pẹ́ tó. Líle ń sọ bó ṣe máa rí lára yín lónìí. Mátílà lè le bí pákó lónìí kó sì di kòtò láàárín ọdún kan, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mátílà, ẹ wá ọ̀rọ̀ Faransé náà "densité", pẹ̀lú kg/m³. Kílò mélòó ni fóòmù tó kún mítà kúbù kan máa wọ̀n, ìyẹn ni wọ́n ń sọ. Fún abala onírántí, tí ó bá ti dín sí 40, ẹ fi í sílẹ̀. Láàárín 45 sí 60 ló dára jù fún ilé wa. Èyí tó dé 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń mú ooru, yíyí padà lórí rẹ̀ sì dà bíi kéèyàn máa rìn nínú ẹrẹ̀. Fún fóòmù ìsàlẹ̀, èyí tó ń gbé gbogbo ẹrù, ohun tó bá dín sí 20, tìmùtìmù àga ni, kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀dì. 25 sí 28 tó fún èèyàn tí kò sanra púpọ̀. Ẹni tó bá ju kílò 90 lọ, tàbí tọkọtaya tó jọ ń sùn lé e lóròòru, kí wọ́n wá 30 sí 35.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní abala onírántí àti fóòmù ìsàlẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mátílà kankan tó jẹ́ onírántí láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ó kàn máa rì ni. Abala òkè kan máa ń wà, fóòmù lásán á gbé e láti ìsàlẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹ̀tàn ni kí wọ́n kọ "mémoire 20 cm" sára ọ̀rá, kó sì jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà méjì péré ló jẹ́ onírántí.

Báyìí, tí kò bá sí ìwé lára rẹ̀ ńkọ́? Tàbí tí ìwé wà ṣùgbọ́n tí ẹ kò gbà á gbọ́? Kò sí ṣọ́ọ̀bù fóòmù tí ẹ ó ti rí ìwọ̀n, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra àgbàdo àti gàrí lápòlápò ní báskúùlù, wọn kì í sì í jìnnà sí ọjà. Ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ gbé mátílà náà lé e ní ìdúró, kí ẹnì kan fi ọwọ́ kan dì í mú fẹ́rẹ́ kó má ṣubú, kó má ṣe gbára lé e.

Ká mú mátílà 140 × 190 tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20, tí wọ́n ní abala onírántí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 ní kíki 50, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 15 ní kíki 28. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di mítà. Abala òkè: 1,4 × 1,9 × 0,05, ó jẹ́ 0,133; ẹ fi 50 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di kílò 6,65. Ìsàlẹ̀: 1,4 × 1,9 × 0,15, ó jẹ́ 0,399, ẹ fi 28 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di kílò 11 lé díẹ̀. Àpapọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18. Aṣọ tí wọ́n rán bò ó máa ń jẹ́ kílò kan sí méjì. Ìwọ̀n gbọ́dọ̀ sọ nǹkan bí 19 tàbí 20. Tó bá sọ 17, ẹ lè máa nájà lọ. Tó bá sọ 11, ẹ yọ kílò kan ààbọ̀ fún aṣọ, ẹ pín 9,5 tó kù sí 0,532 tó jẹ́ àyè gbogbo mátílà, ẹ ó rí i pé kíki rẹ̀ kò pé 18. Orúkọ yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀, fóòmù àga ni ẹ fẹ́ fi owó mátílà rà.

Ìwọ̀n nìkan kò tó o, nítorí ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń mú kí fóòmù burúkú wúwo. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n po ẹfun mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Tí ẹ bá fi ìka ha etí irú fóòmù bẹ́ẹ̀, á máa bọ́ wẹ́wẹ́, ìyẹ̀fun funfun á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Èkejì ni àjákù fóòmù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀: búlúù, pupa, funfun, gbogbo àwọ̀ ló wà níbẹ̀. Ó wúwo, ó le, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀ fún líle náà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n tà á fún yín ní owó onírántí. Ẹ ṣí síìpù. Mátílà tí kò ní síìpù, tí ọlọ́jà kò sì jẹ́ kí ẹ tú ibi kékeré kan wo, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ọwọ́, lẹ́yìn náà ara

Abẹ́ òjìji ni kí ẹ ti dán an wò. Èyí tó ti wà nínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù á rọ̀ jù, èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù á le jù. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Àpá ìka márààrún gbọ́dọ̀ hàn. Kó tó parẹ́ tán, ó yẹ kí ẹ lè ka ení dé ẹẹ́ta tàbí ààrún. Tó bá parẹ́ kí ẹ tó ka èjì, fóòmù lásán tó rọ̀ ni. Tí ẹ bá ka ẹ̀wá tí ihò ṣì wà níbẹ̀, ó lọ́ra jù fún ibi tó gbóná bíi tiwa: tí ẹ bá yí padà lóru, ihò tí ara yín ti gbẹ́ tẹ́lẹ̀ ni ẹ ó máa bá jà.

Ẹ wá dùbúlẹ̀. Ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ wa láti na gbalaja láàárín ọjà, ṣùgbọ́n owó yín ni. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ sì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kéré tán, bí ẹ ṣe máa ń sùn gan-an nílé. Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ kì í sọ òótọ́, nítorí ooru ara kò tíì wọnú rẹ̀.

Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìbàdí. Tí ọwọ́ bá ń lọ tó ń bọ̀ láìfara kan ohunkóhun, mátílà le jù. Tó bá wọlé pẹ̀lú agbára díẹ̀, ó bá a mu. Tí kò bá wọlé rárá, tí ìdí sì ti rì ju èjìká lọ, ó rọ̀ jù, ẹ̀yìn á máa dùn ún láàárọ̀.

Ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kò lè yẹ ara rẹ̀ wò. Kí ẹni tó bá a wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó wo eegun ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìdí. Ó gbọ́dọ̀ lọ tààrà bí okùn tí káfíńtà nà. Tí èjìká bá wà lókè tí àárín sì tẹ̀ sísàlẹ̀, abala onírántí náà tín-ín-rín jù. Apá á máa kú tipiri lóru. Irú ẹni yìí ló nílò sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, pàápàá tí èjìká rẹ̀ bá fẹ̀. Fún ẹni tó ń fi ẹ̀yìn sùn, 4 sí 5 ti tó. Ẹni tó ń fi àyà sùn kò nílò ju 3 lọ, kí n sì sọ òótọ́, fóòmù lásán tó ki lè bá a mu ju onírántí lọ, nítorí ikùn ló máa kọ́kọ́ rì, á sì fa ẹ̀yìn wálẹ̀.

Abala tó nípọn ní 8 tàbí 10, tí wọ́n máa ń fi yangàn, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ amúlétutù sùn.

Àpapọ̀ gíga mátílà ńkọ́? Ẹni tí kò pé kílò 60, sẹ̀ǹtímítà 16 sí 18 tó o. Láti 60 dé 90, kó mú 20 sí 22. Ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, 24, kó sì rántí ọ̀rọ̀ kíki ìsàlẹ̀ tí a ti sọ.

Ooru ni ìṣòro wa

Nítorí pé fóòmù yìí ń rọ̀gbà yí ara ká, afẹ́fẹ́ kò ráyè kọjá lábẹ́ yín. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè ra mátílà olówó ńlá, kó sì padà sórí ẹní lọ́sẹ̀ kejì. Àwọn ohun kan wà tó ń ràn án lọ́wọ́. Fóòmù tí ihò inú rẹ̀ ṣí sí ara wọn dára: ẹ fi ẹnu kan ojú fóòmù náà, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí atẹ́gùn bá wọlé, ó ń mí. Àwọn kan máa ń lu ihò sára rẹ̀, ìyẹn náà dára. Gel tí wọ́n po mọ́ ọn, tó máa ń ní àwọ̀ búlúù, ń tutù lára ní ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí ó ti bá ooru ara yín dọ́gba. Kì í ṣe fáànù. Ẹ má san owó púpọ̀ lé e.

Aṣọ tó bo mátílà ṣe pàtàkì jù bí a ṣe rò lọ. Òwú ló dára jù. Poliẹ́sítà tó ń dán máa ń mú ara làágùn. Kí ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ bọ́ ọ̀rá ilé iṣẹ́ náà kúrò. Mo mọ̀ pé nínú ilé púpọ̀, ọ̀rá yẹn ni wọ́n fi ń fi hàn pé mátílà ṣì jẹ́ tuntun. Á wà lára rẹ̀ fún ọdún méjì, á máa dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ lóru. Òógùn tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́. Ẹ gbé irú mátílà bẹ́ẹ̀ sókè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ wo abẹ́ ọ̀rá: omi wínníwínní ló máa wà níbẹ̀, pẹ̀lú àmì dúdú tó-tò-tó. Mátílà ti ń bu nìyẹn. Tí ọmọ bá wà tó ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ra aṣọ ìdáàbòbò tí òkè rẹ̀ jẹ́ òwú, tí abẹ́ rẹ̀ ní awọ tín-ín-rín tí omi kì í gbà kọjá ṣùgbọ́n tí ó ń mí. Ó wọ́n ju ọ̀rá lọ, ẹ kò sì ní kábàámọ̀ rẹ̀.

Tí ẹ bá ń sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ rántí pé àwọ̀n ń dín agbára fáànù kù. Ẹ gbé fáànù sí ìsàlẹ̀, kó máa fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ mátílà, kì í ṣe láti òkè nìkan.

Sẹ̀ǹtímítà Faransé, ẹsẹ̀ Nàìjíríà

Èyí ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín káfíńtà àti oníbàárà. Mátílà tó bá ti Cotonou wá sábà máa ń jẹ́ ti sẹ̀ǹtímítà: 90 × 190, 140 × 190, 160 × 200, 180 × 200. Èyí tó bá gba Ìgólò tàbí Ìlárá wọlé láti Nàìjíríà, ẹsẹ̀ àti ìǹṣì ni: mẹ́fà sí mẹ́rin ààbọ̀, mẹ́fà sí mẹ́fà. Mẹ́rin ààbọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 137. Ẹsẹ̀ mẹ́fà gan-an jẹ́ 183, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mátílà tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ mẹ́fà jẹ́ ìǹṣì 75 ní gígùn, ìyẹn 190 lé díẹ̀. Orúkọ kan náà, ìwọ̀n méjì. Tí bẹ́ẹ̀dì yín bá jẹ́ 140 × 190, tí ẹ sì gbé 183 × 137 lé e, àlàfo sẹ̀ǹtímítà méje á wà níbi orí, ìrọ̀rí á máa jábọ́ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ òdì-kejì rẹ̀, ẹ ó fi agbára tì í wọlé, àárín á wú sókè. Ẹ mú téèpù lọ́wọ́ lọ sí ọjà. Inú férémù bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ wọ̀n nílé, kì í ṣe ìta rẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Tòkunbọ̀ ńkọ́, àwọn tó ti ilẹ̀ òyìnbó wá nínú kọ̀ǹténà? Bẹ́ẹ̀dì onígi tòkunbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Mátílà onírántí tòkunbọ̀, rárá. Àpá ara ẹlòmíràn ti wà nínú rẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin kọ̀ǹténà ti jẹ ẹ́, ìdun sì lè bá yín wọlé.

Ohun tó máa gbé e

Sìmẹ́ńtì ń mí omi jáde, pàápàá ní Àjàṣẹ́ nígbà òjò. Mátílà onírántí tí a tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sórí línò á bu láti ìsàlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ẹ kò sì ní mọ̀ títí òórùn á fi jáde. Tí kò bá tíì sí bẹ́ẹ̀dì, ẹ kan pákó wẹ́wẹ́ pọ̀, kó ga sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, kí afẹ́fẹ́ máa gbabẹ̀ kọjá.

Fún bẹ́ẹ̀dì, ẹ sọ fún káfíńtà pé àlàfo láàárín pákó kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Àṣà púpọ̀ nínú wọn ni kí wọ́n fi pákó márùn-ún tàbí mẹ́fà sí gbogbo gígùn bẹ́ẹ̀dì. Fóòmù á máa wọ àárín wọn bí ẹ̀kọ tó ń wọnú ewé, láàárín ọdún kan ẹ ó lè fọwọ́ ka àwọn pákó náà láti òkè. Fún gígùn 190, tí pákó kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ ní 8, ẹ nílò mẹ́rìnlá. Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ju 140 lọ nílò ẹsẹ̀ kan sí i láàárín gbùngbùn. Pákó pẹrẹsẹ kan ṣoṣo tí kò ní ihò kò dára bákan náà, àyàfi tí ẹ bá lu ihò sí i kó lè mí.

Gbígbé e délé

Ẹ má ṣẹ́ ẹ po sí méjì kí ẹ fi okùn dì í sẹ́yìn ọ̀kadà zémidjan. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, mo mọ̀ pé ó rọrùn. Ibi tí a bá ṣẹ́ yẹn ni gọ́ọ̀mù tó lẹ abala òkè mọ́ ìsàlẹ̀ ti máa ń já, ibẹ̀ ni kòtò ti ń bẹ̀rẹ̀, okùn á sì gé etí rẹ̀. Ẹni tó ń gbé e láti Àjàṣẹ́ gba Sakété àti Pobè lọ sí Kétu, kó wá àyè lórí bâchée, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, kó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹrù lé e, kó fi tapólì bò ó. Tí òjò bá rìn ín, ọjọ́ púpọ̀ ló máa fi gbẹ, bóyá ni kò sì ní rùn.

Àwọn tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ inú ọ̀rá, tí wọ́n sì ká bí ẹní, rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n ẹ bi ọlọ́jà léèrè ìgbà tó ti wà bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti lé ní oṣù mẹ́ta lè má wú tán mọ́. Tí ẹ bá délé, ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ rọra fi sísọ́ọ̀sì gé ọ̀rá, kí ẹ má gé aṣọ. Wákàtí 24 sí 72 ló máa ń gbà kó tó wú dé gíga rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ fi téèpù wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí igun kan bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì kéré sí èyí tó kù, ẹ gbé e padà. Òórùn tuntun rẹ̀ kì í ṣe àrùn. Ẹ ṣí fèrèsé, ọjọ́ mélòó kan á gbé e lọ. Tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣì ń ta yín nímú, fóòmù burúkú ni. Àmì CertiPUR tàbí OEKO-TEX lára rẹ̀ ń sọ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò nítorí àwọn èròjà tó lè ṣe ara ní ibi. Kò sọ pé á pẹ́.

Oòrùn, ìdun àti iná

Láti kékeré ni a ti ń sá mátílà sóòrùn. Ti òwú gbà á. Ti onírántí kò gbà á: oòrùn gangan máa ń sọ fóòmù di pupa rúsúrúsú, á wá máa rún bíi àkàrà gbígbẹ. Abẹ́ òjìji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí ẹ gbé e sí, fún wákàtí méjì, mẹ́ta. Aṣọ rẹ̀ àti férémù bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ sá sóòrùn, torí inú ihò igi ni ìdun pọ̀ sí jù. Ẹ da omi gbígbóná sínú àwọn ihò náà. Kí ẹ wá fi àpò onísíìpù tó bo mátílà yíká bò ó, kí ẹ má sì ṣí i fún ọdún kan, nítorí ìdun lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun. Epo òyìnbó, ẹsáǹsì àti oògùn apakòkòrò kò gbọ́dọ̀ kan fóòmù. Wọ́n ń jẹ ẹ́, ẹ̀yin lẹ ó sì máa fi imú fà á lóru.

Tí ìtọ̀ bá dà sí i, ẹ má fọ̀ ọ́. Fóòmù onírántí tó mu omi máa ń ya bí ẹ bá gbé e. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ títí aṣọ kò fi ní tutù mọ́, ẹ fi aṣọ tí ẹ ti rẹ sínú omi àti fínígà díẹ̀ nù ún, ẹ bu bàíkábónéètì lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, ẹ gbá a kúrò, ẹ tan fáànù sí i.

Èédú, àbẹ́là, oògùn ẹ̀fọn oníná tó ń jó rọra: gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jìnnà sí i. Fóòmù yìí ń jó kíákíá, èéfín rẹ̀ sì lóró, ó lè pa èèyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ yí i kí ibi orí di ibi ẹsẹ̀. Ẹ má dojú rẹ̀ délẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ní.

Àwọn tí kò yẹ kó sùn lé e

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ sùn lé e rárá, ì báà jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Bó bá yíjú délẹ̀, imú rẹ̀ lè rì sínú rẹ̀, kò sì ní agbára láti yọ ọ́. Ibi tó le tó sì tẹ́ ni tirẹ̀. Àgbàlagbà tí eékún ń dùn máa ń jìyà láti dìde nínú fóòmù tó rọ̀. Ẹ ní kí bàbá tàbí màmá jókòó sí etí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí etí náà bá tẹ̀ wọlẹ̀ tí wọ́n sì ń yọ̀, ẹ wá èyí tí etí rẹ̀ le. Fún aláìsàn tí kò lè dìde, ó dára, ó ń tú ìwúwo ara ká, ṣùgbọ́n ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa yí aláìsàn náà padà ní wákàtí méjì méjì, kí egbò má bàa yọ.

Nígbà tí ẹ bá ń sanwó, ẹ gba "facture normalisée", ìwé ìsanwó tí ìjọba fọwọ́ sí, kí wọ́n kọ ìwọ̀n, gíga, kíki méjèèjì àti iye ọdún gàrántì sí i, kì í ṣe "matelas" lásán. Ẹ bi wọ́n pé kòtò sẹ̀ǹtímítà mélòó ni gàrántì náà gbà. Tí ẹ bá wá fura nígbà tó yá pé ó ti ń tẹ̀, ẹ ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò ní ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e fún wákàtí mẹ́ta, ẹ na okùn le láti etí kan dé èkejì, ẹ fi rúlà wọn àlàfo láti okùn dé ojú fóòmù níbi tó jìn jù. Tó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà náà nínú rẹ̀ kí ẹ tó lọ bá ọlọ́jà, kí ẹ sì ya ti pákó abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, torí ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.